Aago Inú Ọkọ̀ Tí Mo Ń Gbá Lójú

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti kọ̀wé sí yín gbẹ̀yìn. Kì í ṣe pé iṣẹ́ pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́rùn mi tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ kí n tó lè sọ òmíràn. Ọ̀rọ̀ aago ni, aago kékeré tó wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ míṣọ́ọ̀nù níbí ní Minna.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọmọdé. Toyota Camry ọdún 1999 ni. Ó ti gbé Bíbélì, ó ti gbé iṣu, ó ti gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, aago rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bí mo bá ṣíná ọkọ̀ láàárọ̀, ojú aago á dúdú. Bí mo bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lójú, iná rẹ̀ á tàn. Bí táyà bá kó sí kòtò, ó tún kú. Bí ó bá sì jí, 1:00 ni yóò máa kọ, ìbáà jẹ́ òwúrọ̀, ìbáà jẹ́ alẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: bí iná bátìrì bá já kúrò lára rẹ̀ tó sì padà dé, kò mọ ibi tó bá ọjọ́ dé mọ́, 1:00 ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìkà rẹ̀.

Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀. H ni wọ́n fi ń tún wákàtí ṣe, M ni wọ́n fi ń tún ìṣẹ́jú ṣe. Ẹ̀kẹta ni :00. Bí aago bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sáré jù, tí ẹ bá tẹ :00, yóò padà sí orí wákàtí. Bí ó bá ti kọjá ìdajì wákàtí, yóò sún sí wákàtí tó ń bọ̀. Bọ́tìnnì dáadáa ni fún àṣìṣe kékeré. Àṣìṣe ńlá kọjá agbára rẹ̀.

Oṣù márùn-ún ni mo fi gbá aago yẹn lójú. Gbígbá náà mọ́ mi lára débi pé n kò kà á sí ohun tó bàjẹ́ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bá mi wọkọ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ má dá a lóhùn, ó fẹ́ kí n gbá òun lójú kó tó kí wa ni." Ẹ ó ní, ṣé kò sí fóònù ni? Fóònù wà. Ṣùgbọ́n inú báàgì ló máa ń wà bí mo bá ń wakọ̀, ibi tí mo sì ń lọ, iná kì í fi gbogbo ìgbà sí láti fi gba agbára sí i.

Nínú oṣù Kejìlá, ìyàwó Bàbá Onírédíò sùn nínú Olúwa. Ọmọ Ṣakí ni Bàbá. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Kpakungu. Màmá ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà mí sílé nígbà tí mo ti sẹ́mínárì dé Minna, tí n kò gbọ́ ju "sannu" lọ nínú èdè Hausa. Ó ro àmàlà fún mi lọ́jọ́ tí àárò ilé fẹ́ pa mí. Ó mú mi lọ sọ́jà, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ná nǹkan láì fi bẹ́ẹ̀ bínú. Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bí mo bá lọ, ìwọ ni kí o gbàdúrà létí sàárè mi. Má jẹ́ kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn." Mo ṣèlérí.

Ìrìn àjò míṣọ́ọ̀nù gbé mi lọ sí abúlé kan lọ́nà Bida ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú náà. Ìsìn yóò bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìjọsìn ní aago 9, wọn yóò dé itẹ́ òkú ní aago 10. Àwọn àgbà ìjọ mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni mo ti ń bọ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn pàdé ní itẹ́ òkú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà fóònù mi ti kú. Kò sí iná lóru. Àwọn ìyá mẹ́ta bẹ̀ mí pé kí n gbé àwọn dé Minna pẹ̀lú ẹrù wọn. A gbéra.

A kò tíì rìn jìnnà tí táyà fi kó sí kòtò, aago kú. Mo gbá a, ó jí: 1:00. Mo wo oòrùn. Ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe máa ń bo oòrùn lójú, tí aago mẹ́sàn-án á dà bí aago mẹ́fà. Mo ní lọ́kàn mi pé yóò máa tó aago 7. Mo tẹ H lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó di 7:00. Ní òótọ́, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù.

Aago náà kò kú mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ń ka ìṣẹ́jú rẹ̀ lọ gẹ́rẹ́gẹ́ bí olóòótọ́, èmi náà sì ń fi ọkàn balẹ̀ wakọ̀. A dúró ra ẹja. A dúró jẹ kósáì pẹ̀lú kókó létí títì. Mo gbé àwọn ìyá náà dé ẹnu ọjà, mo bá wọn sọ ẹrù kalẹ̀. Nígbà tí mo fi máa yà sí itẹ́ òkú, aago kọ 9:30. Mo ń yọ̀ pé màá dé ṣáájú òkú.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni mo bá, wọ́n ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ṣọ́bìrì. Sàárè ti kún. Bàbá Onírédíò nìkan ló ṣì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kan. Wọ́n ti dúró dè mí fún ìdajì wákàtí, kí alàgbà kan tó gbàdúrà.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo sáré dé iwájú rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí, aago ọkọ̀ mi ló tàn mí jẹ."

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa, Míṣọ́nnárì." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò wá sí ìsìn mọ́. Mo ṣe gbogbo ohun tí sẹ́mínárì kọ́ mi, àti èyí tí ilé kọ́ mi. Mo gbé ìrẹsì lọ fún un. Mo rán àwọn ẹgbẹ́ obìnrin lọ kí i. Mo gbàdúrà fún un ní gbangba nínú ìpàdé àdúrà, títí kan pé kí Ọlọ́run tu ọkàn rẹ̀ nínú kí ó má ṣe di ìkorò mọ́ra. Ẹ wò ó, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀! Nígbàkígbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á dá mi lóhùn, á dúpẹ́, á sì dákẹ́. Inú mi á dùn díẹ̀ bí mo bá ń lọ, pé iná ti tàn. Kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ojú rẹ̀ á tún ti dúdú.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, mo ní kí n kúkú tún aago yìí ṣe. Ríwáyà tó ń bá mi tọ́jú iná ọkọ̀ ní kí n jẹ́ kí òun bá mi wá tòkunbọ̀, pé àwọn kì í tú irú rẹ̀. Mo bi í pé ta ló lè tú u. Ó ní, "Àfi bàbá tó ń tún rédíò ṣe ní Kpakungu." Ẹ̀rín ò pa mí.

Èmi fúnra mi ni mo yọ ọ́ nínú ọkọ̀. Bóyá ọ̀kan nínú yín náà ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é. Mo fi sípánà 10 tú wáyà bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò, mo gbé e sẹ́yìn kó má fara kan irin. Mo dúró ju ìṣẹ́jú méjì lọ, nítorí pé àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba èèyàn là nígbà jàǹbá wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì lè ní agbára iná lára fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tú bátìrì. Ọ̀sán ni mo ṣe é, kì í ṣe òwúrọ̀ ọyẹ́, nítorí pé ike àtijọ́ a máa ṣẹ́ bí ó bá tutù. Mo wé aṣọ mọ́ ẹnu sukudiráífà pẹlẹbẹ kó má ha dáṣíbọ́ọ̀dù, mo rọra gbé etí ike tó yí aago ká sókè, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí àwọn ìkọ́ rẹ̀ fi tú. Mo tú àwọn síkúrúù tó dì í mú. Púlọ́ọ̀gì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ahọ́n kékeré kan. Ahọ́n yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ kí ó tó jáde, wọn kì í fa wáyà. Aago náà bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò tóbi ju àpótí ìṣáná méjì lọ. Mo dì í sínú ìborùn, mo gba Kpakungu lọ.

Bàbá gbà á, kò bi mí ní ohunkóhun. Ó ní, "Ẹ jókòó, Míṣọ́nnárì." Ó ṣí àpótí ike náà, ó yọ pánẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ jáde. Iwájú pánẹ́ẹ̀lì náà ni ìgò pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Inú ìgò yẹn ni àwọn nọ́ńbà ti ń tàn. Ó ní kí n má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó wá yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó na awò tó ń mú nǹkan tóbi sí mi. "Ẹ wo ìdí rẹsísítọ̀ yìí."

Mo wò ó. Níbi tí ẹsẹ̀ rẹsísítọ̀ ti wọ inú lẹ́ẹ̀dì tó so ó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, òrùka tín-ínrín kan yí i ká bí irun orí. Bàbá ní dráì jọ́ìntì nìyẹn. Ó ṣàlàyé fún mi: iná bátìrì ọkọ̀ pọ̀ ju ohun tí aago nílò lọ, rẹsísítọ̀ ló ń dín in kù, nítorí náà ó máa ń gbóná. Bí ó bá gbóná, lẹ́ẹ̀dì ìdí rẹ̀ á fẹ̀. Bí wọ́n bá pa á, á sún kì. Ojoojúmọ́ ni, fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, pẹ̀lú kòtò ọ̀nà Bida. Ẹ̀bi àwọn tó ṣe é kọ́. Ohun tó ti gbó ni. Díẹ̀díẹ̀ ni lẹ́ẹ̀dì fi jù ú sílẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tó fi ń tàn bí mo bá gbá a?"

Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fara kan ara wọn fún ìgbà díẹ̀. Fífara kanra kì í ṣe dídì mú. Rẹsísítọ̀ ò bàjẹ́, pánẹ́ẹ̀lì ò bàjẹ́. Ibi tí wọ́n ti di ara wọn mú ló ṣí."

Ó ki ayọ́ọ̀nù bọ iná. Ó nu ẹnu rẹ̀ mọ́ kànrìnkàn tó tutù. Mo rò pé yóò kàn yọ́ lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ sórí rẹ̀ ni, iṣẹ́ á parí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yọ́ lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ náà, ó sì fi ẹ̀rọ ọwọ́ kékeré kan fà á mu kúrò níbẹ̀ pátápátá, títí ẹsẹ̀ rẹsísítọ̀ fi dúró ní ìhòòhò nínú ihò rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ ha ẹsẹ̀ náà, dúdú rẹ̀ lọ, ó ń dán. Mo bi í pé ṣé ó pọn dandan.

Ó ní, "Bí a bá da tuntun lé àtijọ́ lórí, á dán lójú. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ò ní dì mọ́ra. Ẹ óò tún gbé e padà wá."

Ẹ̀yin ará, mo ti ka ẹ̀kọ́ ìrònúpìwàdà nínú ìwé. Mo ti kọ ìdánwò lórí rẹ̀. Orí àpótí ìjókòó onírédíò ni ó ti yé mi. Ìrẹsì, ẹgbẹ́ obìnrin, àdúrà gbangba: lẹ́ẹ̀dì tuntun ni gbogbo rẹ̀. Àwáwí mi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. N kò tíì yọ ọ́.

Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe aago ló tàn mí jẹ."

Ó gbé ayọ́ọ̀nù sórí ìdúró rẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni mo tẹ nọ́ńbà yẹn. Oṣù márùn-ún ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Mo gbé ìyá mẹ́ta lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn ń fi fóònù gbọ́ orin lẹ́yìn mi. N kò bi í pé aago mélòó ló lù. Ohun tí aago mi ń kọ ti tẹ́ mi lọ́rùn. Mo sì jókòó jẹ kósáì nígbà tí ẹ̀yin dúró létí sàárè. Mo ṣẹ̀ yín, mo ṣẹ Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Bàbá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Láti mọ́ṣáláṣí tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń pe àdúrà ọ̀sán. Ó wá ní, "Mo ti mọ̀. Ìyá yẹn gbé lámpù wá sọ́dọ̀ mi kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Ó ní ẹ ṣeun tí ẹ gbé àwọn, pé ẹ ò tilẹ̀ kánjú." Ó gbé ayọ́ọ̀nù padà. "Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè."

Ó fi pésìtì díẹ̀ sí i, ó fi ẹnu ayọ́ọ̀nù kan ẹsẹ̀ rẹsísítọ̀ àti pánẹ́ẹ̀lì pọ̀, kí àwọn méjèèjì lè gbóná pa pọ̀. Lẹ́ẹ̀dì tó lò, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ tánganran, ìdá 40 jẹ́ òjé. Kì í yọ́ tán títí ooru fi máa tó nǹkan bí 190 lórí ìwọ̀n Celsius. Kò ju bí ẹni ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ, lẹ́ẹ̀dì ṣàn yí ẹsẹ̀ náà ká, ó dúró bí òkè kékeré tó ń dán. Mo na ọwọ́. Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí a bá mì ín kó tó tutù, dráì jọ́ìntì mìíràn la ṣe yẹn. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ irú ìsopọ̀ yìí nínú Kólósè orí kejì, ẹsẹ 19, níbi tó ti fi ìjọ wé ara tí oríkèé àti iṣan so pọ̀ mọ́ Orí, tó sì ń dàgbà láti ibẹ̀. Oríkèé kì í ṣe ibi tí èèyàn ń rí. Ojú là ń rí, ọwọ́ là ń rí. Ṣùgbọ́n bí oríkèé bá yẹ̀, ọwọ́ tó le koko yóò máa fì dirodiro. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà lẹ́yìn odi, ìgbàgbọ́ wa ò bàjẹ́, ìfẹ́ wa sí ilé ò bàjẹ́. Ibi tí a ti di ara wa mú ló ṣí. A wá ń gbá a lójú: "Ẹ kú ọdún" lórí fóònù, owó díẹ̀ sínú àkáǹtì, àwòrán aṣọ ẹbí. Iná á tàn. Bí kòtò bá tún dé, a tún padà sí 1:00, bí ẹni tí kò bá ara rẹ̀ rìn rí.

N kò sọ pé kí ẹ má fowó ránṣẹ́ o! Ẹ máa fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan bá wà láàárín ẹ̀yin àti ẹnì kan, ẹ bi ara yín léèrè pé kí ni lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tó wà níbẹ̀. "Iṣẹ́ ló pọ̀." "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa." "Ọ̀nà ló jìn." Ó lè jẹ́ òótọ́ ní apá kan, kòtò tó pa aago mi náà òótọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò. Ẹ sọ apá tó jẹ́ tiyín, kí ẹ má fi ṣùgbọ́n kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ má fi ipá gba ìdáhùn lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ṣẹ̀.

Bàbá gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi pé pérépéré, kò yọ kọ́bọ̀ kan. Ó bá mi dé ìdí ọkọ̀, ó fi púlọ́ọ̀gì sí i, ó so wáyà bátìrì. Aago jí: 1:00. Ó tan rédíò ọkọ̀, ó tẹ H dé wákàtí tó yẹ, a jókòó dúró de ìròyìn. Bí rédíò ṣe kéde orí wákàtí, ó tẹ :00. Ó ní, "Ohun tí wọ́n ṣe bọ́tìnnì yìí fún nìyẹn. Kì í ṣe fún ìméfò." Ojú tì mí, mo sì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo rò pé yóò sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Àdúrà kan wà lọ́wọ́ yín."

A wakọ̀ lọ sí itẹ́ òkú. Ẹ mọ̀ pé àwa Onítẹ̀bọmi kì í gbàdúrà fún òkú. Mo dúpẹ́ fún ọjọ́ ayé Màmá, fún àmàlà, fún ọjà, fún ọwọ́ tó dì mí mú, mo sì bẹ Ọlọ́run fún ọkọ tó fi sílẹ̀. Àdúrà náà fi ọ̀sẹ̀ méje pẹ́. Kò sí ohun tí mo lè tẹ̀ tó máa dá ọ̀sẹ̀ méje yẹn padà. Bàbá ṣe àmín.

Kò wá sí ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Mo jẹ́ kó sinmi. Láti ìgbà náà ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó sí ẹ̀yìn, nítòsí ẹnu ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ sí ọ̀nà Bida, mo sì bọ̀. Kò sí kòtò tí n kò wọ̀. Aago náà kò kú. Nígbà tí mo dé Kpakungu, mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù láti sọ fún un. Ó yọjú wo inú ọkọ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó péye."

Oore-ọ̀fẹ́ Olúwa wa kí ó wà pẹ̀lú yín níbi gbogbo tí ẹ wà. Ẹ pe ẹni yẹn lónìí.